Ìsàlẹ̀ rìsíìtì kì í ṣe òfin

Ní ìsàlẹ̀ rìsíìtì tí wọ́n fún ìyá mi nígbà tó ra fírísà, lábẹ́ ibi tí ọmọ ìtajà fọwọ́ sí, gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké tẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ọjà tí wọ́n bá ti tà ní pípé, wọn kì í gbà á padà, owó tó bá sì ti wọlé kì í jáde mọ́. Kò sí ẹni tó ti ra ẹ̀rọ rí ní Dùgbẹ̀, ní Alaba tàbí ní Computer Village tí kò mọ gbólóhùn yìí. Ó ti pẹ́ lójú wa débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé òfin ìjọba ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tí fírísà náà daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje péré, tí máníjà ilé ìtajà sì fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ ìwé náà fún mi, tó ní, "Àǹtí, ẹ ka ohun tó wà níbí. Ìyá ti gbà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọjà lọ."

Omi tútù, mínírà, ẹja Titus àti ṣàwá ni ìyá mi ń tà ní iwájú ilé wa ní Ìbàdàn. Owó àjọ tó fi oṣù mẹ́jọ dá ló kó, tó fi lé owó ọwọ́ rẹ̀, tó fi ra fírísà náà ní ₦285,000. Tuntun ni, inú páálí ni wọ́n ti yọ ọ́ níṣojú wa, wọ́n sì fún wa ní káàdì wárántì ọdún kan. Wọ́n tan án fún wa ní ilé ìtajà gẹ́gẹ́ bí àṣà ọjà wa: wọ́n ki wáyà bọ iná, mọ́tò rẹ̀ dún, gílóòbù inú rẹ̀ tàn, wọ́n ní a ti rí i pé ó dára. Ẹni tó bá ronú lé e yóò rí i pé ìdánwò ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kò lè sọ ohunkóhun fún ni nípa fírísà, nítorí pé iṣẹ́ fírísà kì í ṣe kí ó dún, bí kò ṣe kí omi dì nínú rẹ̀ ní òru, kí ó sì tún dì lọ́la àti lọ́túnla.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, omi kò dì mọ́. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsinmi láti àárọ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n ara fírísà náà kò gbóná bó ṣe yẹ, inú rẹ̀ kò sì tutù. Ẹja tó tó ₦40,000 ló bàjẹ́ ní ọjọ́ méjì. Nígbà tí a lọ sọ fún wọn, ọ̀rọ̀ kìíní tó jáde lẹ́nu máníjà ni pé iná ló bà á jẹ́. Kò tíì rí fírísà náà, kò béèrè ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé iná ni. Lẹ́yìn tí a ti bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó rán ẹni tó ń bá wọn tún fíríìjì ṣe sí wa. Ẹni náà fa gáàsì sí i, ó gba ₦15,000 lọ́wọ́ ìyá mi, ó ní wárántì kò kan gáàsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, omi tún kọ̀, kò dì. A padà lọ, wọ́n ní kí a pe ilé iṣẹ́ tó ṣe é. A pe ilé iṣẹ́, wọ́n ní kí a padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wa. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tì wá síwá sẹ́yìn títí oṣù kẹwàá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ohun tó dùn mí jù lásìkò yẹn kì í ṣe owó náà nìkan. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ni ìmọ̀ràn wọn dọ́gba. Àwọn ará àdúgbò ní kí a wá àgbàlagbà kan tó mọ ọ̀gá ilé ìtajà náà, kí ó bá wa bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé ọlọ́pàá lọ. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èmi kò fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ mi pe ìjà." Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó béèrè pé kí ni òfin sọ. Mo rántí bí ìyá mi ṣe kúnlẹ̀ sí iwájú ọmọkùnrin tó lè bí, nínú ilé ìtajà yẹn, nítorí ohun tó ti san owó rẹ̀ pé pérépéré. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Òfin wà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan tí ọdún 2018 wà lára orúkọ rẹ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sì buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, lórí ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò àti lórí ààbò àwọn oníbàárà. FCCPA ni wọ́n ń pe òfin náà, àjọ tó sì ń mú un ṣẹ ni FCCPC, tó rọ́pò ìgbìmọ̀ ààbò oníbàárà tí òfin ológun ọdún 1992 dá sílẹ̀. Mo wá òfin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi alẹ́ méjì kà á. Ìwé gígùn ni, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì kan àjọ náà fúnra rẹ̀ àti ìdíje láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ṣùgbọ́n láti abala 114 lọ ni ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ bẹ̀rẹ̀.

Abala 131 ni mo kà ní ìgbà mẹ́ta. Ó sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gba ọjà tó yẹ fún iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí kò ní àbùkù, tí yóò sì wúlò fún àkókò tó bójú mu nígbà tí a bá fi ojú ìlò rẹ̀ wò ó. Kò sọ pé ọjà tó dára ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ lójú ẹni tó rà á. Abala 122 fi kún un pé yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ tí oníbàárà ti ní tẹ́lẹ̀ láti dá ọjà tó lábùkù tàbí tó léwu padà, bí ó bá ti sọ ohun pàtó tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó tà á, tó sì rí i láàárín àkókò tó bójú mu pé ọjà náà kò lè ṣe é, ó lè dá a padà kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ìyá mi ti sọ fún wọn lọ́jọ́ tó rà á pé ẹja lòun fẹ́ máa kó sínú rẹ̀. Ọmọ ìtajà ló tilẹ̀ bá a yan ìwọ̀n tó yẹ.

Gbólóhùn ìsàlẹ̀ rìsíìtì ńkọ́? Abala 129 kò gba oníṣòwò láyè láti fi àdéhùn tàbí ìkìlọ̀ kankan gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ FCCPC fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní gbangba, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé ìkìlọ̀ pé owó kì í padà kò lè dènà ẹni tí wọ́n ta ọjà tó lábùkù fún. Abala 155 sọ pé ẹni tó bá tẹ ẹ̀tọ́ oníbàárà lójú, bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, ó lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún márùn-ún jura, tàbí kí ó san owó ìtanràn tó tó ₦10,000,000. Ti ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ sì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n nítorí fírísà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo parí kíkà, mo mọ̀ pé ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún láti oṣù kan, tiwa ni.

Ìṣòro tó kù ni ọ̀rọ̀ iná. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pàdánù ẹjọ́ wọn. Gbogbo wa mọ bí iná ṣe rí lórílẹ̀-èdè yìí: ó lè lọ sílẹ̀ títí gílóòbù yóò fi máa ṣe ràkọ̀ràkọ̀, ó sì lè já wọlé lójijì pẹ̀lú agbára tó lè jó ohun gbogbo tó wà lára wáyà. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá ní iná ló bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ ní gbogbo ìgbà, ẹni tó rà á náà kì í sì í ní ohun tó fi lè já a nírọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 sọ pé bí àbùkù bá yọ láàárín oṣù mẹ́fà, a ó kà á sí pé ó ti wà lára ọjà láti ọjọ́ tí wọ́n ti tà á, àyàfi bí ẹni tó tà á bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní London ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi, ó sì ní láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́, òun lè kọ ọjà tó lábùkù pátápátá kí òun gba owó òun, láìjẹ́ pé òun jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tún un ṣe. Òfin tiwa sọ pé "àkókò tó bójú mu", kò ka oṣù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà ní Ìbàdàn fi gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí jọ ju ẹni tó wà ní London lọ.

Èyí ni ohun tí a ṣe. Stabilizer tí a so mọ́ fírísà náà láti ọjọ́ kìíní ní ojú kékeré kan tó ń fi iye iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde hàn. Fún ọjọ́ mẹ́wàá, ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, mo fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Lẹ́yìn náà, mo pe ẹni kan tó ti ń tún fíríìjì ṣe fún ohun tó ju ogún ọdún lọ ní àdúgbò wa, ẹni tí kò mọ ilé ìtajà náà rí. Kí ó tó fọwọ́ kàn án, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí máníjà lórí WhatsApp pé ẹni kan fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí, kí wọ́n rán ẹni tiwọn wá bí wọ́n bá fẹ́. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àmì méjì aláwọ̀ búlúù fi hàn pé wọ́n kà á. Mo sì kìlọ̀ fún Bọ̀ọ̀dá yẹn pé kí ó má gé ohunkóhun, kí ó má tú ohunkóhun, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ti kan ẹ̀rọ ni pé ẹni náà ló bà á jẹ́.

Bọ̀ọ̀dá náà kọ́kọ́ fi mítà wọn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ó ní kò jóná, wáyà inú rẹ̀ pé. Ó wá ho ọṣẹ nínú abọ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fi í pa ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀ ní ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ní ilé iṣẹ́. A rí ìfófòó tó ń yọ níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Gbogbo rẹ̀ ni mo ká sórí fídíò. Ó ṣàlàyé fún mi pé iná tó bá burú lè jó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ó lè ba ohun tó ń ta á jí jẹ́, ṣùgbọ́n iná kò lè lu páìpù. Gáàsì tó wà nínú fíríìjì kì í ṣe ohun tí à ń lò tán bí epo mọ́tò. Bí ó bá dín kù, ó ń jò ni. Ẹni tó fa gáàsì sí i tí kò wá ibi tó ti ń jò ti gba owó lásán. Ó kọ gbogbo ohun tó rí sórí ìwé, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà sí i, ó fọwọ́ sí i, ó sì gba ₦5,000. Nínú gbogbo owó tí a ná lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ló ṣiṣẹ́ jù.

Mo wá jókòó kọ lẹ́tà. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé òun ni wọ́n ń lò nínú ìwé wọn. Mo kọ ọjọ́ tí a ra ọjà, iye tí a san, nọ́ńbà tó wà lára fírísà náà, ọjọ́ tó kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe àti ọjọ́ tó tún bàjẹ́. Mo kọ ohun tí Bọ̀ọ̀dá rí. Mo dárúkọ abala 122, 129 àti 131. Mo wá sọ ohun tí a fẹ́ ní pàtó: kí wọ́n fún wa ní fírísà tuntun irú kan náà, kí wọ́n sì dá ₦15,000 owó gáàsì padà, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àjọ FCCPC, a ó sì lọ sí ilé ẹjọ́. N kò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. N kò sọ ti ìkúnlẹ̀ ìyá mi. Ẹ̀dà méjì ni mo tẹ̀. Mo fún ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní ọ̀kan, mo sì ní kí ó kọ "a ti gbà á" àti ọjọ́ sórí ìkejì kí ó fọwọ́ sí i. Mo tún fi ímeèlì rán an sí ilé iṣẹ́ tó ṣe fírísà náà, kí ó má baà di pé olúkúlùkù wọn ń nawọ́ sí èkejì.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, máníjà pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé Màmá wà dáadáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ ká jọ yanjú ẹ̀." Nígbà tí a débẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ ti bá àwọn sọ̀rọ̀, àwọn ti ṣetán láti dá ₦285,000 padà fún ìyá mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá mi ti fẹ́ máa dúpẹ́. Mo ní kí ó ṣe sùúrù. Láti oṣù kẹfà ọdún yẹn tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjà ni iye ọjà tó ti òkè òkun wá ti ń gòkè lójoojúmọ́, irú fírísà kan náà tó wà níwájú wa sì ti di ₦345,000. Ẹni tó bá gba ₦285,000 jáde níbẹ̀ ti pàdánù ₦60,000 kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo sọ pé fírísà la fẹ́, ó ní kí a wá fi ₦60,000 kún un. Mo dá a lóhùn pé, "Bọ̀ọ̀dá, ọjà la rà lọ́wọ́ yín, a kò yá yín lówó. Fírísà tó dára lẹ jẹ wá." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wọ inú lọ, ó pe ẹni kan. Nígbà tó padà dé, ó ní kí wọ́n lọ gbé òmíràn wá.

Ó sì dá ₦15,000 padà. Owó ẹja tó bàjẹ́ ni a kò rí gbà. Mo béèrè, wọ́n kọ̀, ìyá mi sì ní kí n jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí a bá gbé e dé ilé ẹjọ́, a ì bá ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ìyẹn náà. Ohun kan tí n kò gbà kí a fi síbẹ̀ láìkọ sílẹ̀ ni wárántì tuntun: mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé láti ọjọ́ náà ni ọdún kan náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ tí a ra èyí tó bàjẹ́.

Nísinsìnyí, mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn oníṣòwò pẹ̀lú, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó ń ta fíríìjì ní Dùgbẹ̀ kọ́ ló ṣe é. Ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹni tó kó o wọlé, bí ó bá sì gba èyí tó bàjẹ́ padà lọ́wọ́ wa, kò dájú pé ẹni tó tà á fún un yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà kan sì wà tí wọ́n ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí agbára rẹ̀ kò tó tan fíríìjì ńlá, tí wọ́n á jó o, tí wọ́n á wá wẹ̀ ẹ́ mọ́, tí wọ́n á gbé e padà wá pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe rà á. Máníjà yẹn sọ fún mi lẹ́yìn tí ìjà ti parí pé irú wọn mẹ́ta ló rí ní oṣù kan. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ó ti ibẹ̀ jáde ni kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ torí àwọn onírọ́ mẹ́ta ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé.

Ti fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tún yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú èyí tí à ń rà jẹ́ tòkunbọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn ra tòkunbọ̀; èyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, tòkunbọ̀ ni. Ohun tó burú ni kí wọ́n ta ohun tí wọ́n tú tí wọ́n sì tún tò fún ni bí tuntun, nínú páálí tuntun, pẹ̀lú ọ̀rá tuntun lójú rẹ̀. Abala 117 sọ pé ẹni tó bá ń ta ọjà àlòkù tàbí ọjà tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ fi hàn ní kedere pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì, yálà tuntun ni tàbí tòkunbọ̀, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, tó máa jáde bí ẹ bá tẹ *#06# lórí rẹ̀, sí i. Ẹ fi í wé nọ́ńbà tó wà lára páálí kí ẹ tó sanwó. Bí oníṣòwò bá ní òun kò lè kọ ọ́, ó ti sọ ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ fún yín. Abala 118 sì sọ pé rìsíìtì kì í ṣe oore: oníṣòwò gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́, ohun tó tà àti iye rẹ̀. Bébà tí wọ́n kọ "fóònù 1" sí kò tó.

Wárántì ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n máa ń fún ni lórí tòkunbọ̀ ní Computer Village kò pa ẹ̀tọ́ abala 131 rẹ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé àkókò tó bójú mu fún fóònù tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún mẹ́ta kò lè gùn tó ti tuntun. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAPDAN, ó sì dára kí ènìyàn kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ oníṣòwò kí ó tó jáde síta. Ẹni tó bá ń gbé ní Èkó tún ní LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ààbò oníbàárà. Ilé ẹjọ́ fún owó kékeré tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 sì ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí ẹjọ́ lè parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Lẹ́tà ìbéèrè owó ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ti kọ lẹ́tà bí tèmi ti rìn dé ìdajì ọ̀nà.

Ẹni tó ní kí n gbé ọlọ́pàá lọ, ire ló rò sí mi. Ṣùgbọ́n òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ láàárín ẹni méjì. Ẹni tó bá fi ọlọ́pàá dẹ́rù ba oníṣòwò nítorí fírísà lè rí owó rẹ̀ gbà lónìí, kí ẹjọ́ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ lọ́la, tí òun yóò jẹ́ olùjẹ́jọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ fún àwọn tó ń ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé láti òkè òkun: ẹ tan án, kí ẹ sì lò ó fún ọjọ́ mélòó kan níbi tí ẹ ti rà á kí ẹ tó kó o sínú àpótí. Ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yín máa ń tán sórí omi ni, wárántì ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í sì í bá ọjà kọjá ààlà orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tà á. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tí àbúrò mi rán sí mi ní ọdún 2021 fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títí di òní.

Fírísà kejì náà ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, omi sì ń dì nínú rẹ̀ ní òru. Ìyá mi kó rìsíìtì, káàdì wárántì, ìwé Bọ̀ọ̀dá àti ẹ̀dà lẹ́tà náà sínú ọ̀rá kan, ó fi í sábẹ́ ìwé orin rẹ̀, níbi tó ń kó ohun tí kò fẹ́ kó sọ nù sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú fáànù oníbátìrì tó rà ní oṣù kan sẹ́yìn, tí kì í ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ mọ́ bí iná bá ti lọ. Kí n tó la ẹnu ni ìyá mi ti bi í pé, "Rìsíìtì ẹ dà?" Ó mú un dání. Orúkọ ilé ìtajà wà lórí rẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, orúkọ fáànù náà wà níbẹ̀, gbólóhùn yẹn náà sì wà nísàlẹ̀. A ti kọ lẹ́tà tirẹ̀, ojú ìwé kan. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti rẹ̀ yóò jọ gbé e lọ.